Ehoro àti Ẹja Inú Ilé: Bí A Ṣe Lè Sìn Wọ́n Láìsin Àrùn Mọ́ Wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera gidi ni. Ó jẹ mọ́ ehoro tí a ń sìn nínú ọgbà ilé, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń sìn sínú àpótí dígí. Kì í ṣe èyí tí a ń sìn fún ọbẹ̀ ni mo ń wí, bí kò ṣe èyí tí a ń sìn kí ojú lè máa rí i, kí inú sì máa dùn.

Ní Ìlúpéjú tí mo ń gbé, mo ń rí irú ẹran ọ̀sìn báyìí ní ilé púpọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù May, ọdún 1967, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú ni ó ń ṣe àkóso agbègbè yìí, òun ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ìhà Ìkẹjà àti Ìlúpéjú. Iṣẹ́ pe ènìyàn, ìlú sì péjú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé fún mọ́ ilé, ọkọ̀ akẹ́rù kò jẹ́ kí ọmọ lè sáré ní títì, pápá tí àwọn ọmọ ìgbà tiwa fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ ti di ọgbà ilé iṣẹ́. Òbí tí ó bá ra ehoro fún ọmọ rẹ̀ ní irú ibẹ̀ kò ṣẹ̀. Ọmọ tí ń fún ẹ̀dá mìíràn ní oúnjẹ lójoojúmọ́ yóò kọ́ sùúrù àti àánú. Kìkì pé ẹ̀kọ́ kan wà tí àwa àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́, èmi pàápàá kò sì tètè kọ́ ọ.

OHUN TÍ ÓJÚ MI RÍ

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, so mọ́ mi láṣọ. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ehoro fún mi. Ẹ ra ẹja náà, èyí tí ń wẹ̀ nínú dígí." Mo lọ, mo ra méjèèjì ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó ta ehoro méjì fún mi búra pé abo ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ta ẹja 8 fún mi ní kí n kàn bu omi ẹ̀rọ sí àpótí náà, kí n da ẹja sí i, ó tán.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹja 5 ti kú. Kí ó tó di ọjọ́ keje, kò ku ẹyọ kan. Ọmọ náà sunkún títí. Ìbànújẹ́ mú èmi náà, mo gbé àpótí náà pẹ̀lú omi inú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ehoro, mo ní bí ó bá di Sátidé n óò da omi náà nù. Sátidé dé, ó kọjá. Òmíràn dé, ó kọjá. Òjò ń rọ̀, omi sì ń kún un. Ní abẹ́ ilé ehoro, èèrí ògì àti èèpo ọ̀dùnkún tí mo ń fún wọn ń já bọ́ sílẹ̀, n kò sì gbá a. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọmọ ehoro 7 nínú koríko: ọ̀kan nínú àwọn "abo" méjèèjì ti di bàbá ọmọ.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ara ọmọ-ọmọ mi gbóná ní òru. Ó bì, ó kọ oúnjẹ, ó ń sọ ìsọkúsọ. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ni. Wọ́n fún un ní oògùn, ó lò ó pé, ara rẹ̀ sì yá. Ní òwúrọ̀ tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo lọ fún ehoro ní koríko. Oòrùn ràn wọ inú àpótí dígí náà. Mo wò ó, tanwíjí ni ó kún inú rẹ̀, wọ́n ń ta sókè, wọ́n ń ta sísàlẹ̀, kò níye. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ilé ehoro, ìgbẹ́ eku ni mo rí. Orí mi wú.

N kò lè búra pé ẹ̀fọn tí ó jẹ ọmọ náà, inú àpótí yẹn ni ó ti jáde. Ẹ̀fọn kì í kọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ sí apá, omi gọ́tà sì pọ̀ ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n dojú agolo àti táyà àlòkù dé, èmi gan-an ni mo ń sin ẹ̀fọn nínú ilé dígí, tí mo sì ń fi èèrí bọ́ eku. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ náà ti yé mi. Ehoro fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá ní ibi, bẹ́ẹ̀ ni ẹja. Ohun mẹ́ta tí ń tẹ̀ lé wọn wọ ilé ni kí a máa ṣọ́: omi tí kò ṣàn, àjẹkù oúnjẹ, àti ọwọ́ tí a kò fọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí àwọn mẹ́ta yìí ni ó dúró lé.

ILÉ EHORO ÀTI OÚNJẸ RẸ̀

Kí a tó ra ehoro, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni yóò máa já koríko, ta ni yóò sì máa gbá ìgbẹ́? Ọmọ ọdún 6 kò lè dá a ṣe. Àgbàlagbà kan nínú ilé ni ó gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ náà, kí ọmọ máa ràn án lọ́wọ́. Ehoro tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù kan. Kí a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kí ó sọ èyí tí í ṣe akọ àti èyí tí í ṣe abo, kí a má ṣe gba ti ẹni tí ń tà á gbọ́ bí mo ti ṣe. Oyún ehoro kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ, abo sì lè tún lóyún láàárín ọjọ́ kan tí ó bímọ. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, méjì yóò di ogún kí ọdún tó yí po, ìdọ̀tí wọn yóò sì borí ẹni tí ń tọ́jú wọn.

Pákó àti wáyà ni kí a fi kan ilé rẹ̀. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 kúrò nílẹ̀, kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè máa bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí a ó ti rí wọn gbá. Kí apá kan nínú ilé náà ní pákó tí ó tẹ́jú, kí wáyà má ba à dá egbò sí i lẹ́sẹ̀. Ìdí tí a fi ń gbé e ga ni pé ẹyin kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ ehoro, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru tí ń pa àwọn ọmọ wọn. Kòkòrò yìí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa odindi ìdí ọmọ ehoro láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìtọ̀ tí ó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa di amóníà, èyí tí ń ta ènìyàn nímú tí ó sì ń fa omi lójú. Kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ehoro, kò sì dára fún ti ọmọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ilé ehoro sínú iyàrá tí a ń sùn, pàápàá bí ẹni tí ó ní ikọ́ fée bá wà nínú ilé, nítorí irun ehoro àti eruku koríko gbígbẹ lè gbé ikọ́ náà dìde.

Ní ti oúnjẹ, koríko ni oúnjẹ ehoro. Eyín rẹ̀ kì í dáwọ́ dídàgbà dúró ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Koríko tí ó ń jẹ ni ó ń yọ́ eyín náà kù. Èyí tí ó bá ń jẹ oúnjẹ rírọ̀ nìkan, eyín rẹ̀ yóò gùn títí kò fi ní lè pa ẹnu dé. Koríko tútù àti gbígbẹ, yúnyún, ewé ọ̀dùnkún àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ, gbogbo wọn ni ó dára. Èèrí àti oúnjẹ oníhóró kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀nba lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa fi búrẹ́dì Agége bọ́ ehoro; ẹ kì wọ́n nílọ̀, nítorí búrẹ́dì a máa da inú ehoro rú. Bí ẹ bá rí i tí ó tẹ orí ba ní òru tí ó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ tí ó rọ̀, ẹ má lé e. Bẹ́ẹ̀ ni a ti dá a. Oúnjẹ tí inú rẹ̀ kò tí ì rí ṣe tán ni ó ń dá padà, bí màlúù ti ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa ará Ìlúpéjú, Múṣin, Ìkẹjà àti Agége gidigidi. Ẹ má ṣe já koríko ní etí gọ́tà, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ ń gbà, tàbí ní ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́. Epo ọkọ̀, èéfín àti omi ìdọ̀tí ti wọ inú irú koríko bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ ajá àti ti eku sì wà lórí rẹ̀. Ẹ gbin yúnyún àti ọ̀dùnkún díẹ̀ sínú ike tàbí ọpọ́n àlòkù ní ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ẹ bá rà lọ́jà, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó fún un.

Ooru Èkó ni ọ̀tá ehoro kejì. Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ gígùn yẹn ni ó fi ń tú ooru ara rẹ̀ dànù. Bí ooru bá ti kọjá 30 lórí ìwọ̀n Celsius, ara a máa ni ín. Abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa kọ́ ni kí a gbé e sí. Kí ó wà ní abẹ́ igi tàbí ní ibòji ilé, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kí omi mímu tútù sì wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó nà gbalaja, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pa á létí, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ má ṣe rì í sínú omi.

Bí a bá fẹ́ gbé ehoro, kí a má ṣe fa etí rẹ̀. Ọwọ́ kan ní abẹ́ àyà, ọwọ́ kejì ní abẹ́ ìdí, nítorí bí ó bá ta ẹsẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ń já lọ́fẹ̀ẹ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán. Ehoro tí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, tí kò sì ya ìgbẹ́, àìsàn rẹ̀ ti le; kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bu oògùn ènìyàn fún un. Ampicillin àti àwọn oògùn tí ó jọ ọ́, tí a máa ń rí ní àpótí oògùn ilé púpọ̀, a máa pa àwọn kòkòrò rere inú ehoro nígbà tí a bá fún un jẹ, ehoro náà yóò sì kú. Ní ọdún 2020, àrùn kan tí ń mú kí ehoro máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń yára pa ehoro. Nítorí náà, ehoro tuntun tí a bá rà, kí a yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kí a tó dà á pọ̀ mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀.

EKU TÍ Ń TẸ̀ LÉ EHORO

Ibi tí oúnjẹ ehoro bá já bọ́ sí, ibẹ̀ ni eku yóò fi ṣe ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Èkó ti rí ìjà eku rí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì tán nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tí wọ́n dojú ìjà kọ ọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé ní iṣẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n ń sá fún wolé-wolé nígbà náà kò mọ̀ pé ẹ̀mí àwọn ni ó ń wá gbà là.

Eku kò sì tí ì fi iṣẹ́ ibi rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1969 ni a dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan, nígbà tí ó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò wa, ni ó sábà máa ń mú un wọ ilé. Kì í ṣe gbogbo eku ni ó ní in, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dúró bi eku léèrè irú èyí tí í ṣe. Nítorí náà, inú agolo tí ó ní ìdérí ni kí a máa kó èèrí àti oúnjẹ ehoro sí. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a gbá abẹ́ ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a má ṣe jẹ́ kí àjẹkù sun ibẹ̀. Bí a bá rí ìgbẹ́ eku, kí a má ṣe gbá a ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ má ba à fẹ́ sí wa nímú. Kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a wọ́n omi tí a po oògùn ìfọṣọ apakòkòrò mọ́ sí i, kí ó rin dáadáa, kí a tó fi àkísà kó o. Ìgbẹ́ ehoro, ní tirẹ̀, ajílẹ̀ tí ó dára ni. Kí a bò ó mọ́ ìdí ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀, kí a sì fọ ewébẹ̀ náà dáadáa kí a tó sè é.

ÀPÓTÍ DÍGÍ ẸJA

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó pa ẹja mi, kí ó má ba à pa tiyín. Ohun àkọ́kọ́ ni oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní chlorine, èyí tí a ń dà sí omi ẹ̀rọ ìjọba kí ó lè dára fún wa láti mu. Ó dára fún wa, ṣùgbọ́n ó ń jó ìjàgbọ̀n ẹja, níbi tí ẹja fi ń mí. Kí a bu omi náà sínú garawa, kí a jẹ́ kí ó sun ọjọ́ kan gbáko. Chlorine yóò fò lọ. Oògùn tí ń pa agbára rẹ̀ pẹ̀lú wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹja. Omi kànga àti omi bọ́hòòlù kì í sábà ní chlorine, ṣùgbọ́n òmíràn ní ìpẹtà irin; bí ó bá ń pọ́n nígbà tí ó bá dúró, kí a má ṣe lò ó.

Ohun kejì ni èyí tí ó ṣòro jù fún ènìyàn láti gbà gbọ́: omi tuntun tí ó mọ́ lóló kò tí ì yẹ fún ẹja. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja pẹ̀lú oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù a máa di amóníà, amóníà kan náà tí ń ta wá nímú ní abẹ́ ilé ehoro. Májèlé ni fún ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò rere kan tí ojú kò lè rí wà, tí wọn yóò wá fi iyanrìn àti asẹ́ inú àpótí náà ṣe ilé. Àwọn kan yóò sọ amóníà di májèlé mìíràn, àwọn mìíràn yóò sì sọ èyí di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí ewéko inú omi lè lò. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ó máa ń gbà wọ́n kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹja 1 tàbí 2 ni kí a kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, kí a máa yí omi díẹ̀díẹ̀, kí a má ṣe da ẹja 8 sí i ní ọjọ́ kan bí èmi ti ṣe. Bí a bá sì fẹ́ fọ asẹ́, inú omi tí a bù jáde láti inú àpótí náà ni kí a ti ṣàn án, kì í ṣe pẹ̀lú ọṣẹ, kí a má ba à fọ àwọn ọ̀rẹ́ wa dànù.

Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí ó sì ga ní 30, omi lítà 54 ni yóò gbà. Lítà omi 1 wọn kílò 1, nítorí náà omi yẹn nìkan ti tó kílò 54, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Kí a má ṣe gbé e sórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, kí ó má ba à wó lu ọmọ. Nínú irú àpótí yẹn, ẹja wẹ́wẹ́ 6 sí 8 ti tó. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2 ni kí a máa fún wọn. Èyí tí ó bá rì sísàlẹ̀, májèlé ni yóò dà. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a bu ìdá mẹ́rin omi náà kan kúrò, kí a fi omi tí ó ti sùn rọ́pò rẹ̀.

Ní ti iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kí a tó ti ọwọ́ bọ omi, kí a yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri. Kí a jẹ́ kí wáyà náà lọ́ sísàlẹ̀ ju ojú ibi tí a ti ń kì í bọ ògiri lọ, kí ẹ̀kán omi tí ó bá ń tẹ̀ lé e lè kán sílẹ̀, kí ó má ṣàn wọ inú iná. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi yóò dákẹ́. Ẹja tí kò pọ̀ jù nínú omi yóò lè fara dà á. Èyí tí ó bá fún pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú. A lè máa bu omi náà sókè, kí a máa dà á padà sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí iná yóò fi dé.

OMI TÍ KÒ ṢÀN

Ní ọdún 1897, Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé kí ó tó dé ara ènìyàn. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Èkó, nítorí William MacGregor tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904, dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà omi kí irà lè gbẹ. Odò gbígbẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí nígbà náà. Ìjọba lè gbẹ́ odò, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè wọ ẹ̀yìnkùlé wa lójoojúmọ́ láti da omi garawa nù.

Nínú ooru tiwa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 ti tó fún ẹyin ẹ̀fọn láti di tanwíjí, kí tanwíjí sì di ẹ̀fọn tí ń fò. Ẹ wá gbọ́ ohun ìyanu: àpótí tí ẹja alààyè wà nínú rẹ̀ kì í sábà bí ẹ̀fọn, nítorí ẹja yóò jẹ tanwíjí náà. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní guppy, tí wọ́n ti ilẹ̀ Trinidad àti ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ni a ti kó lọ sí ilẹ̀ púpọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí gan-an, a sì ń rí wọn nínú gọ́tà Èkó títí di òní. Àpótí tí ẹja rẹ̀ ti kú tí a kò da omi rẹ̀ nù ni ewu. Garawa omi tí a gbé kalẹ̀ kí chlorine lè fò lọ, tí a wá gbàgbé, ewu ni. Àwo omi ehoro tí a ń bù kún láìfọ̀, ewu ni. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo garawa náà, kí ẹ so ó ní ọrùn, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kéékèèké kò tó, nítorí ọmọ tí ń rá lè rì sínú omi garawa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọjọ́ tí ẹja bá kú tán, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ da omi nù. Ẹ má ṣe dá Sátidé bí èmi.

ỌWỌ́ ÀTI ARA ỌMỌ

Ọṣẹ àti omi ni òògùn tí owó rẹ̀ kéré jù ní ilé. Lẹ́yìn tí ọmọ bá fọwọ́ kan ehoro, ilé ehoro tàbí omi ẹja, kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó tó fọwọ́ kan ojú. Kí a má ṣe da omi ẹja sí ibi tí a ti ń fọ abọ́. Ehoro lè kó lápálápá ran ọmọ: bí irun ehoro bá ń re ní òbìrí-òbìrí, tí ọmọ sì ní àmì róbótó tí ń yún un, kí a mú àwọn méjèèjì lọ gba ìtọ́jú, ọmọ ní ilé ìwòsàn, ehoro ní ọ̀dọ̀ dókítà tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi bátìrì tàbí epo ọkọ̀ pa lápálápá. Bí ehoro bá bu ọmọ jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà dáadáa, kí a sì lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Inú omi ẹja náà ní kòkòrò kan tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ọdún 1926 ni a kọ́kọ́ rí i lára ẹja ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Kì í wọ awọ ara tí ó pé. Ojú egbò ni ó ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, koko kan yóò yọ ní ọwọ́, kò ní tètè san, oògùn rẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ní egbò lọ́wọ́ kí ó má ṣe ti ọwọ́ bọ omi ẹja láìwọ ìbọ̀wọ́. Bí irú koko bẹ́ẹ̀ bá yọ, ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹja, nítorí bí ẹ kò bá sọ, ó lè má rò ó dé ibẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má ṣe dá a ní oògùn nílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ó bá ń bì, tí kò lè mu omi, tí gìrì mú un tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ, kí ilẹ̀ má ṣe mọ́ bá a nílé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

1. Kí ni ìdí tí eyín ehoro fi nílò koríko?
2. Èwo ni ó léwu jù ní ti ẹ̀fọn: àpótí tí ẹja wà nínú rẹ̀, tàbí èyí tí ẹja rẹ̀ ti kú? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe ní abẹ́ ilé ehoro kí ilẹ̀ tó ṣú, àrùn wo ni ó sì ń dènà?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ń tẹ̀ lé ehoro àti ẹja wọ ilé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lè ra ehoro fún un. Ní ilé tèmi, ehoro ṣì wà, a ti ya akọ kúrò lọ́dọ̀ abo. Àpótí dígí náà ti padà sí pálọ̀, ẹja 6 ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọmọ-ọmọ mi ni ó máa ń pè mí pé, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí a lọ gbá abẹ́ ilé ehoro, ilẹ̀ ti ń ṣú." Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.